Ọgbọ́n Ènìyàn àti Ọgbọ́n Ẹ̀rọ: Ìwádìí Tí Ẹ̀ka Kan Kò Lè Dá Ṣe ní Fásitì

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé N-ATLAS jáde, model èdè (ètò kọ̀ǹpútà tó ti kọ́ èdè) tí wọ́n ṣe fún Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí àwa ará Nàìjíríà ṣe ń sọ ọ́. Kó tó di ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI, ti gba ẹnu olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní gbogbo fásitì wa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, LAUTECH ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1990, pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà, àwọn dókítà àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà síbẹ̀ ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, a rí Yunifásítì Ajayi Crowther, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Emmanuel Alayande, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ adití àti afọ́jú. Bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìmọ̀ tí ìwádìí lórí ọgbọ́n ènìyàn àti ọgbọ́n ẹ̀rọ nílò tí kò sí láàárín ìlú méjèèjì. Bí wọn yóò ṣe jókòó sídìí iṣẹ́ kan náà ló kù.

Ọ̀rọ̀ wa ni pé irú iṣẹ́ yìí kì í sábà bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Oríkèé ló ti ń bàjẹ́, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ka kan ti kúrò tí ti èkejì kò tíì dé. Ẹnjiníà á kọ́ ẹ̀rọ lórí ọ̀rọ̀ tí onímọ̀ èdè kò yẹ̀ wò. Onímọ̀ èdè á gba ohùn sílẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀rọ kò lè lò. Ìgbà tí owó bá ti tán ni wọ́n á tó ránṣẹ́ pe onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ìyẹn psychologist, pé kó wá bá àwọn wádìí bóyá àwọn èèyàn fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe. Ohùn àti èdè ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú àlàyé yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ agbègbè wa ti lágbára jù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Láti ìpìlẹ̀ ló ti jẹ́ àjọṣe

Ní ọdún 1943, Warren McCulloch, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti Walter Pitts, onímọ̀ lógíìkì, jọ kọ ìwé kan tó fi hàn pé a lè fi ìṣirò ṣàpèjúwe bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tí Alan Turing béèrè ní 1950 bóyá ẹ̀rọ lè ronú, jọ́nà àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tó ń jẹ́ Mind ló gbé ìbéèrè náà sí. Ní 1956, ìpàdé kan ní Dartmouth, ní Amẹ́ríkà, sọ AI di ẹ̀kọ́ tó dá dúró. Frank Rosenblatt tó ṣe Perceptron, ẹ̀rọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, láàárín 1957 sí 1958, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni David Rumelhart, tí òun, Geoffrey Hinton àti Ronald Williams jọ gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan jáde ní 1986 tí àwọn ẹ̀rọ ń lò títí dòní. Hinton fúnra rẹ̀, tó gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì pẹ̀lú John Hopfield ní 2024, ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá ló fi gba oyè àkọ́kọ́ ní Cambridge. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán mọ̀ lónìí jẹ gbèsè fún David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n wádìí ní 1959 bí ọpọlọ ológbò ṣe ń ríran. Kunihiko Fukushima ní Japan mú ìmọ̀ yẹn ṣe ẹ̀rọ ní 1980.

Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan ni, kó tún orúkọ wọ̀nyí kà.

Fásitì Edinburgh dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọgbọ́n ẹ̀rọ ní 1966, Donald Michie sì ni olórí rẹ̀. Ní 1973, James Lighthill kọ ìròyìn fún àjọ tó ń fún wọn lówó ní Ìlú Ọba, ó ní ohun tí àwọn onímọ̀ náà ṣèlérí pọ̀ ju ohun tí wọ́n ṣe lọ. Owó gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ó yẹ kí ẹni tó ń kọ àbá iṣẹ́ sí TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún fásitì lówó, lónìí rántí ìròyìn yẹn kó tó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ òun yóò gbọ́ Yorùbá délẹ̀délẹ̀ láàárín ọdún méjì.

Ọmọ ọdún mẹ́ta àti ẹ̀rọ

Ọpọlọ ènìyàn ní sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ bíi bílíọ̀nù 86, agbára tó ń lò kò sì ju nǹkan bí 20 watt lọ. Káàdì kan ṣoṣo nínú irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn model ńlá, Nvidia H100, lè gba tó 700 watt, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n sì ń tò pọ̀. Llama 3 tí ilé-iṣẹ́ Meta gbé jáde ní 2024 kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ègé ọ̀rọ̀ tó lé ní tírílíọ̀nù 15. Ọmọ ènìyàn, ní ti ìṣirò àwọn olùwádìí, kì í gbọ́ ju mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀ lọ kó tó pé ọdún 13. Ìyàtọ̀ náà súnmọ́ ìlọ́po 150,000. Síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta á ti mọ ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń bínú, ìgbà tó ń ṣeré, àti irú àgbàlagbà tí a kì í pè ní “ìwọ”.

Báwo ni ọmọ ṣe ń fi díẹ̀ mọ púpọ̀ báyìí? Ìbéèrè yìí ló wà nínú egungun gbogbo ìwádìí náà, kò sì sí ẹ̀ka kan tó lè dá dáhùn rẹ̀. Ohun kan tún wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2010, Joseph Henrich, Steven Heine àti Ara Norenzayan fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí ìwé sọ pé “ènìyàn” ń ṣe ló jẹ́ pé ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì níbẹ̀, ni wọ́n fi wádìí rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé àti Fúlàní lọ́jà kò pọ̀ nínú ìwé wọn. Bí a kò bá wádìí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé tí wọ́n kọ nípa ọmọ ẹlòmíràn ni wọn yóò máa fi ṣe òṣùwọ̀n ọmọ wa, wọn yóò sì máa fi ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀rọ tí yóò kọ́ ọ níwèé pẹ̀lú.

Ohùn mẹ́ta, onílù kan

Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n kan pàtó tí a lè pè ní ohùn òkè. Ohùn ọkùnrin tó dàgbà sábà máa ń wà ní àyíká 120 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn), ti obìnrin ní àyíká 210. Ìyẹn ni pé ohùn òkè lẹ́nu bàbá lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́nu ọmọbìnrin rẹ̀, a ò sì ní ṣi ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́, nítorí etí wa ń fi ohùn kọ̀ọ̀kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí gbólóhùn bá sì ṣe ń gùn ni ohùn ń rọlẹ̀, pàápàá níbi tí ohùn òkè bá ti tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí a bá fi máa dé ìparí, ohùn òkè lè má ga ju ohùn àárín ìbẹ̀rẹ̀ lọ mọ́.

Ẹnjiníà tó bá kó ìwọ̀n Hz lásán fún ẹ̀rọ yóò rí i pé ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni ẹ̀rọ náà kọ́, kò kọ́ ohùn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó kọ́kọ́ fi Praat, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, yọ ohùn jáde. A ó fi ààlà 75 sí 300 Hz fún ọkùnrin, 100 sí 500 fún obìnrin. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣírò ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan sí àárín ohùn tirẹ̀ gan-an, kí gbogbo wọn lè wà lórí òṣùwọ̀n kan náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí ẹ̀rọ ka 220 sí 110, tàbí kó pàdánù ohùn ìsàlẹ̀ tó bá parí gbólóhùn, nítorí ohùn yẹn máa ń já wálẹ̀, ọ̀fun á sì máa ha. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé ariwo ni, á gé e kúrò. Onímọ̀ èdè nìkan ló lè sọ fún un pé ó ti gé ìdajì ìtumọ̀ dà nù.

Ọ̀yọ́ kò tíì ṣaláìní àyàn. Onílù dùndún ń fi okùn awọ fún ìlù rẹ̀ mọ́ra, ó ń tú u sílẹ̀, ohùn á sì máa lọ sókè sódò. Ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Ohùn àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára tàbí fà ló kù sí i lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń lo oríkì àti òwe gígùn tí ará ìlú ti mọ̀, kí ọ̀rọ̀ kan lè túmọ̀ èkejì. Ní 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck ní Frankfurt, Jámánì, gbé ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti mú kí àwọn èèyàn tẹ́tí sí dùndún, kí wọ́n sọ ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó ń kọrin. Àwọn tí etí wọn ti mọ dùndún ló mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n àwọn àjèjì náà gbìyànjú, nítorí àwọn àmì kan wà nínú ìlù fúnra rẹ̀ tí etí lè dì mú. Olórin, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá àti onímọ̀ nípa ohùn ló jọ ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ká ní a fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ láti mọ ìyàtọ̀ yẹn. Àyàn méjì yóò gbọ́ ègé ìlù 100, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá wà níyàrá tirẹ̀, yóò kọ “ọ̀rọ̀” tàbí “orin” sí ègé kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé ọ̀rọ̀ wọn bára mu lórí 80, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì pe 50 ní ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá yára á ní ìṣọ̀kan wọn jẹ́ ìdá 80 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n bá di ojú tí wọ́n ń mú èyí tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọn yóò ṣì bára mu lórí nǹkan bí 50. Òṣùwọ̀n tí a ń lò fún èyí, kappa, tí Jacob Cohen gbé kalẹ̀ ní 1960, yọ ti àgbàbọ́sí kúrò: 0.8 dín 0.5, kí a fi 0.5 pín in, ó di 0.6. Ó dára díẹ̀, kò dára tó. Ègé 20 tí wọn kò ti fẹnu kò ni kí a gbé fún àyàn kẹta, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbọ́. Nínú ìjókòó yẹn ni a ti máa ń rí ìmọ̀ jù. Ó sì tọ́ kí orúkọ àyàn wà lára àwọn tó kọ ìwé náà, kí owó rẹ̀ sì wà nínú àbá iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní, ní iye tí olùwádìí ń gbà.

Lẹ́tà kan tí kọ̀ǹpútà rí bíi mẹ́ta

Wo lẹ́tà ọ̀. Lójú wa, ọ̀kan ni. Nínú kọ̀ǹpútà, a lè kọ ọ́ bíi ọ pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀ (ó di nọ́ńbà U+1ECD àti U+0300). A lè kọ ọ́ bíi o lásán, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 kún un, kí a tó wá fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti ò, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń lo igi kékeré, U+0329, dípò àmì tó yẹ kó wà nísàlẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan náà ti di ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò bára tan, àkójọ tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ á sì tún já sí wẹ́wẹ́.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àtúnṣe rẹ̀. Kí a tó ṣe ohunkóhun, kí a yí U+0329 padà sí U+0323, kí gbogbo ìwé gba inú NFC kọjá, ìyẹn ètò tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà kọ lẹ́tà kan di ọ̀kan ṣoṣo, kí a wá tẹ gbogbo lẹ́tà tó kù nínú àkójọ jáde pẹ̀lú iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara hàn. Lẹ́tà tó bá fara hàn nígbà mẹ́ta péré nínú mílíọ̀nù kan, ó di dandan kí ènìyàn wò ó. Ó ń dùn wá gidigidi tí a bá rí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù tó wọmi nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí.

Ti àìfàmìsí rárá tún burú jù. Bí ẹ̀rọ bá rí “igba” láìsí àmì, ó lè jẹ́ 200, ó lè jẹ́ igbá tí wọ́n ń fín ní Ọ̀yọ́, ó lè jẹ́ ìgbà òjò, ó lè jẹ́ igbà tí ọ̀kọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ kan tó ń dá àmì padà. Ó yẹ kí àwọn tó kàwé Yorùbá dáadáa sì máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó kéré tán gbólóhùn kan nínú mẹ́wàá.

Gbígba ohùn sílẹ̀

Ká mú iṣẹ́ wákàtí 20 bí òṣùwọ̀n. Èèyàn 40, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba, kí ọ̀dọ́ àti àgbà wà níbẹ̀, kí ó má jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì nìkan. Ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ọ̀yọ́ súnmọ́ra, ṣùgbọ́n kí a kọ ìlú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti dàgbà sílẹ̀, yóò wúlò lọ́la.

Gba ohùn ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, 48,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 24-bit. Wákàtí kan á gba nǹkan bí 518 MB. Fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a lè wá sọ ọ́ di 16,000 àti 16-bit, wákàtí kan á di 115 MB, ṣùgbọ́n ojúlówó ni kí a tọ́jú. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò tó, ó ti fún ohùn pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí máíkì wà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ẹnu, kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Kí a kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, kí a lè mọ ariwo yàrá náà.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ la fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Iná tiwa ń lù ní 50 Hz, ìró rẹ̀ sì ń jáde ní 100 àti 150 pẹ̀lú, ibi tí ohùn ọkùnrin wà gan-an. Bí waya laptop bá wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí a ń gbohùn, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, Praat lè ka ìró iná sí ohùn èèyàn. Àwòrán ohùn á tẹ́jú bí pátákó níbi tó yẹ kó ti máa lọ sókè sódò. Kí laptop wà lórí bátìrì, kí a pa fáànù, kí a sì yan wákàtí tí òjò kì í lu páànù àti tí ìpè àdúrà tàbí ìsìn kò ní gba inú rẹ̀ kọjá. Òwúrọ̀ ló sábà máa ń dára jù.

Ní ti ohun tí wọn yóò kà, kí ó má jẹ́ Bíbélì nìkan. Ẹ̀rọ tó kọ́ Yorùbá nínú ìwé ẹ̀sìn nìkan á máa sọ̀rọ̀ bí oníwàásù nígbà tí a bá bi í ní iye tí gaàrí jẹ́. Ìrírí JW300 tún wà níbẹ̀: àkójọ ńlá tí ọ̀pọ̀ olùwádìí èdè Áfíríkà gbára lé ni, wọ́n kó o láti orí ìkànnì ẹ̀sìn kan, wọ́n sì padà mú un kúrò nítorí ọ̀rọ̀ àṣẹ. Nígbà tí àwọn olùwádìí tí David Adelani wà lára wọn ṣe MENYO-20k ní 2021, wọ́n mú gbólóhùn 20,100 láti inú ìròyìn, ọ̀rọ̀ àsọyé, fíìmù, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Irú àdàlù yẹn ló yẹ. Kí a kọ nọ́ńbà bí ẹni náà ṣe sọ ọ́. Ẹlòmíràn á rí 45 á pè é ní márùndínláàádọ́ta, ẹlòmíràn á ní fọ́tí-fáìfù, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì. Wákàtí kan ohùn máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá láti kọ sílẹ̀, àmì ohùn sì ń sún un sí mẹ́wàá. Kí ó tó ìdajì gbogbo owó iṣẹ́ tó lọ síbí yìí, lójú tiwa.

Nígbà tí a bá fẹ́ pín in, èèyàn ni kí a pín, kì í ṣe gbólóhùn: ohùn ẹni 32 fún ìkọ́ni, mẹ́rin fún àtúnṣe, mẹ́rin fún ìdánwò. Bí ohùn ẹnì kan bá wà nínú ìkọ́ni tó tún wà nínú ìdánwò, èsì á dára lórí ìwé, ọjọ́ tí àjèjì bá sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ náà ni yóò tú.

Kò pọn dandan kí a kọ́ ẹ̀rọ láti òdo. Whisper, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí OpenAI gbé jáde ní 2022, ti gbọ́ ohùn wákàtí 680,000, Yorùbá sì wà lára èdè tó mọ̀ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní small lára rẹ̀, tó ní nọ́ńbà mílíọ̀nù 244 nínú, ṣe é tún kọ́ lórí káàdì kan tó ní 16 GB, irú èyí tí Google Colab tàbí Kaggle ń yáni. Wọ́n lè gba káàdì náà padà nígbàkigbà, íntánẹ́ẹ̀tì sì lè lọ. Kí ẹ̀rọ máa tọ́jú ibi tó dé ní gbogbo ìṣẹ́jú 20.

Èsì tún ní àrékérekè tirẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan sọ pé: “Mo ra igbá méjì ní ọjà Akẹ̀sán.” Ẹ̀rọ kọ: “Mo ra igba meji ní ọjà Akẹ̀sán.” Nínú ọ̀rọ̀ méje, ó ṣi méjì, àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 29 nínú 100. Bí ẹni tó ń ṣírò bá kọ́kọ́ nu gbogbo àmì kúrò, àṣìṣe di òdo. Iye méjèèjì ni kí a kọ sínú ìwé, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan ṣoṣo láìsọ èyí tó jẹ́, kí olùyẹ̀wò dá ìwé rẹ̀ padà.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gba dókítà nímọ̀ràn

Ìwádìí yìí kò parí sórí èdè. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ méjì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti LAUTECH àti ti Bowen. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn kí ẹ̀rọ AI tó wọ yàrá dókítà ni èyí: bí ẹ̀rọ bá ṣìnà, ṣé dókítà á tẹ̀ lé e? A lè fi àkọsílẹ̀ aláìsàn àtijọ́ 40 wádìí rẹ̀, tí a ti yọ orúkọ kúrò lára wọn. Dókítà kọ́kọ́ kọ èrò tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó rí ti ẹ̀rọ, ó sì lè yí èrò padà. Nínú 40 náà, a ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìmọ̀ràn tí kò tọ́ sínú mẹ́jọ. A ó wá ka iye ìgbà tí dókítà fi òtítọ́ sílẹ̀ lọ bá irọ́, àti iye ìgbà tó fi àṣìṣe tirẹ̀ sílẹ̀ lọ bá òtítọ́. Bí ìdajì àwọn dókítà kò bá gba àwọn àkọsílẹ̀ náà ní ètò tó yàtọ̀, àárẹ̀ ni a ó máa wọ̀n. Bí a kò bá sì sọ òtítọ́ fún wọn lẹ́yìn rẹ̀, a ti yẹpẹrẹ wọn. Ẹnjiníà nìkan kò lè ronú kan gbogbo èyí, dókítà nìkan kò lè ṣírò rẹ̀.

Nínú oko, ọ̀nà ti là díẹ̀: Nuru ti PlantVillage, ètò fóònù tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, lọ́wọ́ sí, ń fi kámẹ́rà fóònù wo ewé ẹ̀gẹ́ láti mọ àrùn. Ní Ọ̀yọ́, àwọn olùkọ́ adití mọ ohun tí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn nìkan kò lè ṣe. Ọwọ́, ojú àti èjìká ló ń sọ èdè adití, kámẹ́rà tó bá wo ọwọ́ nìkan á pàdánù ìbéèrè tó wà lójú. Afọ́jú ní tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí ẹ̀rọ tó ń kàwé bá ń pe ohùn lódì, nítorí gbogbo ọjọ́ ló ń gbọ́ ọ. Àwọn wọ̀nyí ni kí a pè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohùn ènìyàn, ẹ̀tọ́ ènìyàn

Òfin ààbò ìwífún ti Nàìjíríà, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2023, kan ohùn tí a lè fi dá ẹnì kan mọ̀. Kí fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí wà ní Yorùbá, kí a kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kó sọ ohun mẹ́ta ní kedere: ẹni tí yóò lo ohùn náà, bóyá wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rọ tó ń sín ohùn ẹni jẹ, àti bí ènìyàn ṣe lè yọ ara rẹ̀ kúrò. Lórí ẹ̀kẹta yìí, òdodo ni kí a sọ fún wọn: kí ẹ̀rọ tó kọ́ ohùn náà, ó rọrùn láti pa á rẹ́, lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣòro gan-an. Nọ́ńbà ni kí a fi rọ́pò orúkọ lórí fáìlì, kí ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà wà lọ́tọ̀, nínú àpótí tí a tì. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó gba ohùn àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń tú wọn ká

Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìjà. Bí orúkọ ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé bá ń gba máàkì ju ti ẹ̀kẹta lọ, ta ni yóò fẹ́ ṣe ẹ̀kẹta? Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n gbèrò ìwé mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún jọ́nà èdè, ọ̀kan fún ti kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún ti ìrònú ẹ̀dá, kí olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kí wọ́n sì bu ọwọ́ lù ú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ní alábòójútó méjì láti ẹ̀ka méjì, nítorí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni iṣẹ́ náà wà ní tòótọ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ lè dé, kí gbígba ohùn má wà ní ìparí ètò. Kí ẹnì kan, tí kì í ṣe olórí iṣẹ́, máa tọ́jú fáìlì, kí ó lágbára láti sọ pé “ẹ dúró, èyí kò bá ìlànà mu.”

Ẹ̀ka méjì tí kò ní owó kankan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn 200 tí onímọ̀ èdè fi àmì sí, èèyàn mẹ́wàá tó kà á, máíkì kan tí wọ́n jọ yá, àti ìbéèrè kan ṣoṣo, bíi bí Whisper ṣe ń ṣi ohùn ìsàlẹ̀ ìparí gbólóhùn gbọ́. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju wákàtí díẹ̀ ohùn lọ, yóò sì wọ inú fláàṣì kan. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé ìkàwé Ògbómọ̀ṣọ́, òmíràn ní Ọ̀yọ́, kí fáìlì kékeré kan sì wà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sọ irú máíkì tí wọ́n lò, yàrá tí wọ́n wà, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ẹni tó fi àmì sí i, àti ohun tí àwọn tó ni ohùn gbà kí a fi ṣe.